Àkọsílẹ̀ Tí A Kò Kà: Ìbéèrè Nípa Ẹ̀rí, Ìmọ̀ àti Ojúṣe Nínú Ìpamọ́ Dátà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ̀rí nípa ohun kan bá wà ní ìkáwọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n tí kò yẹ̀ ẹ́ wò rí, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó mọ ohun náà? Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń bèèrè irú ìbéèrè yìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òde òní sì ti sọ ọ́ di ọ̀ràn ojoojúmọ́, nítorí pé orí ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀bi àti àre dúró lé nígbà tí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹnìkan bá bọ́ sọ́wọ́ olè. Ibi tí ìbéèrè náà ti fara hàn kedere jù lọ ni àkọsílẹ̀ ìwọlé, ìyẹn ìwé tí ibi ìpamọ́ dátà orí cloud máa ń kọ fúnra rẹ̀ nípa gbogbo ẹni tó bá wá bèèrè nǹkan níbẹ̀.

Cloud ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń pe àwọn kọ̀ǹpútà alágbára tí ilé-iṣẹ́ kan kó jọ, tí ẹlòmíràn sì lè háyà ààyè nínú wọn láti ibi yòówù tó bá wà, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kó nǹkan pamọ́ síbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní object storage, níbi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ àwòrán, ìwé ìsanwó tàbí ìwé ìtọ́jú aláìsàn, ti ń wà lódindi pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ nínú àpò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní bucket, tí ẹni tó bá ní àṣẹ sì lè fi orúkọ yẹn bèèrè fún un. Amazon ṣí irú ìpamọ́ yìí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2006, ó sì pè é ní S3. Google àti Microsoft náà ní tiwọn. Bí ìbéèrè kan bá ti dé, tí àkọsílẹ̀ ìwọlé sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìlà kan ni yóò fi kún ìwé náà.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tó máa ń wà nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ S3 lè sọ pé ní [14/May/2024:02:17:09 +0000], àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì (IP) 192.0.2.44 bèèrè fún fáìlì kan, pé iṣẹ́ tó ṣe ni REST.GET.OBJECT, pé èsì tó gbà ni 200, àti pé báìtì tó jáde jẹ́ 48213. Òdo mẹ́rin tó tẹ̀lé aago túmọ̀ sí pé aago àgbáyé ni a fi kọ ọ́, kì í ṣe aago Èkó tó fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà ẹni tó bá ń kà á ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ rántí pé aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni ó jẹ́ níbẹ̀. GET túmọ̀ sí pé ẹni náà mú ẹ̀dà fáìlì lọ. PUT ni ìbá jẹ́ bó bá jẹ́ pé ńṣe ló gbé nǹkan wọlé, DELETE sì ni bó bá jẹ́ pé ó pa nǹkan rẹ́. Nọ́ńbà 200 ń sọ pé a fún un ní ohun tó bèèrè, nígbà tí 403 ń sọ pé a kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àmì tó kéré jù lọ nínú ìlà náà ló lè wúwo jù lọ: níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó bèèrè wà, a lè rí ìlà kékeré kan ṣoṣo, “-”, èyí tó fi hàn pé ẹni náà kò fi ẹ̀rí kankan hàn nípa ara rẹ̀. Bí ìlà kékeré yẹn bá wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú 200, ohun tí àkọsílẹ̀ ń wí ni pé àjèjì tí a kò mọ̀ wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó sì gba ohun tó fẹ́. Bí fáìlì náà bá jẹ́ àwòrán tí olówó rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé máa wò, kò sí aburú níbẹ̀; bó bá sì jẹ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ilé ti jó. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó kọ ìlà náà, kò mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Ènìyàn tó mọ ohun tó wà nínú fáìlì, tó sì mọ ẹni tó ni ín, nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rí yìí kì í dá dé. Lórí S3, àkọsílẹ̀ ìwọlé kì í ṣiṣẹ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bucket. Olówó rẹ̀ ni yóò wọ ibi ètò bucket náà lọ, tí yóò tan àkọsílẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì yan bucket mìíràn tí a ó máa kó àwọn ìwé náà sí, èyí tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àkáǹtì kan náà àti ní agbègbè kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fún ẹ̀ka Amazon tó ń kó àkọsílẹ̀ kiri, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ logging.s3.amazonaws.com, láṣẹ láti máa kó ìwé sínú bucket kejì yẹn. Amazon kì í gba owó lórí iṣẹ́ kíkọ náà, àyè tí ìwé gbà nìkan ni a ń san owó fún. Lórí Google Cloud Storage pẹ̀lú, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹni tó ka dátà jẹ́ ohun tí olówó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tàn. Kí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí tó ṣe é báyìí, wọ́n ní ìdí tiwọn, nítorí pé àkọsílẹ̀ ń gba àyè, bí a bá sì ní fáìlì púpọ̀, ìwé nípa àwọn fáìlì lè pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Síbẹ̀, ohun tó jáde wá láti inú ètò yìí kọjá ọ̀rọ̀ owó. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kì í sí níbẹ̀ àfi bí a bá pè é, ẹni tó tan àkọsílẹ̀ ti fi ìṣe rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ mọ̀. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ mọ̀ ti gba ẹrù kan lé orí.

Ṣùgbọ́n ṣé ó ti mọ̀? Ìwé kan wà tí Barry Hallen àti J. O. Sodipo tẹ̀ jáde ní ọdún 1986, *Knowledge, Belief and Witchcraft*, tó lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì jókòó ti àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àwọn oníṣègùn náà fi ààlà tó nípọn sáàrin ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́: ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí pé òótọ́ ni, nígbà tí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tàbí tí a kà nínú ìwé, bó ti wù kó dájú tó, kò kọjá ìgbàgbọ́ títí a ó fi dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àkọsílẹ̀ ìwọlé, a ó rí i pé sáfà kò mọ nǹkan kan, nítorí pé kò ní ọkàn tí yóò fi jẹ́rìí sí ohun tó kọ. Olówó bucket náà kò sì tíì mọ̀, nítorí pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí ó tó kà á, kò tilẹ̀ tíì ní ìgbàgbọ́. Nígbà tó bá kà á ni yóò ní ìgbàgbọ́, ìgbà tó bá sì wádìí rẹ̀, tó bi òṣìṣẹ́ rẹ̀ bóyá òun ló ṣiṣẹ́ ní òru ọjọ́ náà, tó wo fáìlì náà fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ìmọ̀. Nítorí náà àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń ṣe àṣìṣe ńlá nígbà tí wọ́n bá sọ fún oníbàárà pé bó bá ti lè tan àkọsílẹ̀, yóò mọ gbogbo ohun tó ń lọ.

Ọ̀ràn ilé-ìfowópamọ́ Capital One ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn ju àlàyé kankan lọ. Ní ọjọ́ 22 àti 23 oṣù kẹta ọdún 2019, ẹnìkan gba ojú àlàfo kan tó wà nínú firewall, ìyẹn ètò ìdènà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ilé-iṣẹ́ náà kọjá, ó gba àṣẹ tí a fún ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ wọn, ó fi àṣẹ náà pe orúkọ àwọn bucket wọn tó lé ní 700, ó sì kó dátà jáde nínú S3. Ọ̀ràn náà kan nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ní Kánádà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó kọ̀wé béèrè fún káàdì ìrajà àwìn. Ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀ títí di oṣù keje. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àjèjì kan tí kò sí lára òṣìṣẹ́ wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn pé òun rí ohun tó jọ dátà wọn lórí GitHub, ojúlé tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ sọ pé àkọsílẹ̀ Capital One fi hàn pé ní oṣù kẹta yẹn, wọ́n lo àṣẹ náà láti pe orúkọ àwọn bucket, àti pé àdírẹ́sì tí ìbéèrè náà ti wá jẹ́ ti Tor, ìyẹn ètò tí àwọn ènìyàn fi ń bo ojú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rí náà ti wà nínú àpótí wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dúró lé lórí. Orúkọ tó ń bá àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn rìn nínú ìwé kì í ṣe orúkọ olè, orúkọ àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ tirẹ̀ ni. Aṣọ ni ẹlẹ́rìí rí, kò rí ẹni tó wọ̀ ọ́, aṣọ náà sì jẹ́ ti onílé. Ẹni tó bá ń ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìronú yóò rò pé ọmọ ilé ló wọlé. Àfi ẹni tó mọ ìwà ẹ̀rọ yẹn, tó mọ̀ pé kò fìgbà kan rí bèèrè fún orúkọ gbogbo bucket, tí kò sì gba ọ̀nà Tor wọlé rí, ló lè sọ pé ohun àjèjì wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé àkọsílẹ̀ náà kò já sí asán. Ó wà lára ohun tó ran ìwádìí lọ́wọ́, tí wọ́n fi mú afurasí náà ní ọjọ́ 29 oṣù keje yẹn kan náà, tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Seattle sì dá a lẹ́bi ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ẹnìkan lè fi èyí jiyàn pé ẹ̀rí tí a kò kà sàn ju àìsí ẹ̀rí lọ, a kò sì lè jà á níyàn. Àmọ́ ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ronú nípa ìyà olè nìkan. Ẹni tí a jí dátà rẹ̀ kó ní oṣù kẹta kò rí àǹfààní kankan gbà nínú ìwé tó dákẹ́ títí di oṣù keje, nítorí pé ohun tó nílò ni kí ẹnìkan pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó lè tètè ṣọ́ àkáǹtì rẹ̀. Ìyà náà kò sì mọ sórí olè nìkan: ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìfowópamọ́ ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn 80 mílíọ̀nù dọ́là lé Capital One lórí.

Bíbélì ní ìtàn kan nínú ìwé Ẹ́sítérì tó bá ọ̀ràn yìí mu ju bí ènìyàn ṣe lè retí lọ. Módékáì gbọ́ pé àwọn ìwẹ̀fà méjì ń dìtẹ̀ láti pa ọba Ahaswérúsì, ó ránṣẹ́ sọ fún un, wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ọba ní ojú ọba gan-an. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Hámánì gòkè dé ipò gíga, ó sì ń pète láti so Módékáì rọ̀, nígbà tí ìwé tó jẹ́rìí sí oore Módékáì wà nínú ààfin tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i. Òru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ láti kun ọba ni ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá kí wọ́n kà á létí òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé oore kí ni a ṣe fún ẹni yìí. Àwọn oníwàásù sábà máa ń fi ìtàn náà sọ̀rọ̀ nípa ìpèsè Ọlọ́run, èyí sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan nípa ìjọba: ààfin tí ìdájọ́ òdodo níbẹ̀ dúró lórí àìrí-oorun-sùn ọba kò tíì ní ètò. Ímeèlì àjèjì ti ọdún 2019 jọ àìsùn Ahaswérúsì, nítorí pé méjèèjì wá láti ìta ètò tó yẹ kó ti rí ọ̀ràn náà.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí láti apá mìíràn. Al-Kùránì sọ nínú Súrà 82 pé àwọn máláíkà ọlọ́lá wà tí ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀, tí wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀dá ń ṣe. Nínú Súrà 17, ó sọ pé ní ọjọ́ àjíǹde a ó ṣí ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un, a ó sì ní kí òun fúnra rẹ̀ kà á. Àwọn máláíkà mọ ohun tí wọ́n kọ, sáfà kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀nà ti pín nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ wé wọn. Kókó tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé, lọ́jọ́ náà pàápàá, kíkọ nìkan kò tó: ẹni tí ìwé jẹ́ tirẹ̀ ni a pàṣẹ fún láti kà.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀rúnmìlà ni a ń pè ní Ẹlẹ́rìí-Ìpín, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ẹ̀dá ṣe yan ìpín lọ́run. Síbẹ̀ ẹlẹ́rìí tó rí ohun gbogbo yìí kì í wá kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láti ròyìn ohun tó rí. Ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá ni yóò tọ babaláwo lọ, babaláwo yóò sì dá Ifá, yóò kì í, yóò sì ṣàlàyé rẹ̀. Bí Ifá bá sì yan ẹbọ, ọ̀ràn náà kò tíì parí àfi bí a bá rú u. Ètò yìí ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ nínú nípa bí ẹ̀rí ṣe ń di ìmọ̀: ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà, a gbọ́dọ̀ lọ bi í, ẹni tó kọ́ èdè ẹlẹ́rìí náà gbọ́dọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà béèrè. Ilé-iṣẹ́ tó tan àkọsílẹ̀ ìwọlé, tí kò yan ẹni tí yóò máa kà á, dúró sórí ìpele àkọ́kọ́ nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Òfin pàápàá ti wọ inú ìbéèrè yìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023, bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, sọ pé bí dátà àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ewu sì lè tibẹ̀ jáde fún wọn, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ ìjọba láàrin wákàtí 72 lẹ́yìn tó bá ti mọ̀. Orí “lẹ́yìn tó bá ti mọ̀” yìí ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́. Bí ìmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí ẹnìkan kà á, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí kì í ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní àkókò tí kò lópin, a ó sì máa fi àǹfààní san ẹ̀san fún ẹni tó di ojú rẹ̀. Bí ìmọ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí sáfà kọ ọ́, a ti dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí kò sí nínú ọkàn rẹ̀. Ibi tó dà bíi pé òdodo wà ni pé àìmọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í ṣe irú àìmọ̀ kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí kò ní in: ti ẹni kejì lè jẹ́ àìrí, ṣùgbọ́n ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ àìwò, àìwò sì jẹ́ ìṣe tí ènìyàn lè dáhùn fún. A kò ní sọ pé ó mọ̀. A ó sọ pé ó jẹ́ gbèsè ìmọ̀.

Gbèsè náà ní ààlà, nítorí pé ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ní àlébù. Amazon sọ ọ́ ní gbangba pé àkọsílẹ̀ ìwọlé S3 lè pẹ́ ní wákàtí díẹ̀ kó tó dé, àti pé òun kò ṣèlérí pé gbogbo ìbéèrè ni yóò wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó máa ń sọnù kò pọ̀. Ẹni tó bá fi hàn pé orúkọ ẹnìkan kò sí nínú ìwé kò tíì fi hàn pé ẹni náà kò wá. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe darí àkọsílẹ̀ bucket kan padà sínú bucket náà gan-an, nítorí pé ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé yóò bí ìlà tuntun, ìlà náà yóò sì bí ìwé mìíràn, títí lọ. Aristotle ti jiyàn nínú *Posterior Analytics* pé bí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ láìdúró, a kò ní mọ ohunkóhun. Lórí cloud náà, ìlà ẹ̀rí gbọ́dọ̀ dúró síbì kan, ọ̀dọ̀ ènìyàn tí a fọkàn tán ló sì ti lè dúró.

Ó ku àwọn tí orúkọ tàbí àdírẹ́sì wọn wà nínú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe olè. Aláìsàn tó ń wo èsì àyẹ̀wò tirẹ̀ ní òru ni wọ́n, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìwé. Ilé-ẹjọ́ àgbà ti ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ìdájọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2016, nínú ẹjọ́ Breyer àti orílẹ̀-èdè Jámánì, pé àdírẹ́sì IP tó ń yí padà pàápàá lè jẹ́ dátà ti ara ẹni, bí ẹni tó ní in lọ́wọ́ bá ní ọ̀nà tó bófin mu láti fi mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ nǹkan oní-nǹkan ló bí àkọsílẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà kò bí àṣẹ láti mọ ìgbà tí ẹnìkan jí, ibi tó wà àti ohun tó kà títí ayé. Olúwa nìkan ni ó tọ́ sí láti ní ìwé tí kì í parẹ́. Nítorí náà ọjọ́ tí olówó bucket bá tan àkọsílẹ̀ ló yẹ kó kọ ohun méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: orúkọ òṣìṣẹ́ tí yóò máa kà á àti ọjọ́ tí yóò máa kà á, àti iye ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò lò kí a tó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ lè bá a ṣe èkejì, nítorí pé S3 ní òfin tí a lè fi lé bucket àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó máa pa ìwé tó bá ti pé 90 ọjọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀. Èkíní ni kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a gbé.